Àtẹ Ìṣirò Gẹ́gẹ́ Bí Àkójọ Ìsọfúnni: Ìtàn Ìlò Kan, 1979 sí 2020

1. Ìfáàrà

Ní ọdún 1979, ètò kọ̀ǹpútà tuntun kan dé ọjà ní Amẹ́ríkà. Ó fara jọ ìwé fífẹ̀ tí àwọn akáǹtáǹtì ti ń tẹ́ sórí tábìlì láti ọjọ́ pípẹ́ láti fi ṣírò owó. Ìlà ìbú àti ìlà òòró pín ojú rẹ̀ sí yàrá kéékèèké, inú yàrá kọ̀ọ̀kan sì lè gba nọ́ńbà, ọ̀rọ̀, tàbí òfin ìṣirò. ‘Àtẹ ìṣirò’ ni bébà yìí yóò máa pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Nítorí ìṣirò ni wọ́n ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn tí ń lò ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ ènìyàn, àdírẹ́sì, àti iye ọjà inú sítọ́ọ̀ sínú rẹ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ di àkójọ ìsọfúnni, èyí tí í ṣe ibi tí ìsọfúnni nípa ọ̀pọ̀ ènìyàn tàbí nǹkan wà létòlétò kí ó baà lè rọrùn láti wá rí.

Èròǹgbà bébà yìí ni láti tọpa àyípadà yìí, àti láti wá ìdí tí ó fi já sí èrè níbì kan, tí ó sì já sí òfò níbòmíràn. Ohun tí ó dúró lé lórí ni pé ìrọ̀rùn tí ó mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn àtẹ ìṣirò fún iṣẹ́ yìí náà ni orísun ewu rẹ̀. Àtẹ náà ń gba ohun gbogbo, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó gbà.

2. Káàdì àti Ìwé Ìṣirò

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, iṣẹ́ méjèèjì yìí ní irin-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé ìṣirò wà fún owó. Káàdì ni ó wà fún ìsọfúnni nípa ènìyàn àti nǹkan. Ní ilé ìwòsàn, aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀. Ní ilé ìkàwé, ìwé kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ tún àwọn káàdì náà tò, ìbáà jẹ́ nípa orúkọ tàbí nípa nọ́ńbà, gbogbo ohun tí ó wà lára káàdì kan ni yóò jọ gbéra. Kò sí bí orúkọ aláìsàn kan ṣe lè fi káàdì tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó lọ bá àìsàn ẹlòmíràn. Bí dúrọ́ọ̀ bá sì kún, ẹni tí ó mú káàdì lọ́wọ́ yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí kò ní rí ibi tí yóò ti í bọ̀.

Ìwé ìṣirò kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó so orúkọ mọ́ iye owó nínú rẹ̀ kò ju pé àwọn méjèèjì wà lórí ìlà kan náà. Ojú ẹni tí ń kà á ni ó ń so wọ́n pọ̀, kì í ṣe ìwé náà fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ìtàn tí ó tẹ̀ lé e rọ̀ mọ́.

3. Ìlànà Codd, 1970

Ní ọdún 1970, Edgar F. Codd, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ IBM ṣiṣẹ́ ní San Jose ní ìpínlẹ̀ California, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí ó ṣe yẹ kí kọ̀ǹpútà máa tọ́jú ìsọfúnni púpọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò pọ̀. Àbá rẹ̀ ni pé kí wọ́n to ìsọfúnni sínú àtẹ. Ṣùgbọ́n àtẹ Codd ní òfin tí ó dè é. Èkíní, ìlà ìbú méjì kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Àmì ìdánimọ̀ kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò ya ìlà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Èkejì, ìlà òòró kọ̀ọ̀kan ní irú ohun tí ó lè gbà: bí ó bá jẹ́ ti ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìbí nìkan ni yóò gbà. Ẹ̀kẹta, ipò tí ìlà ìbú wà, ìbáà ṣe lókè tàbí nísàlẹ̀, kò ní ìtumọ̀ kankan.

Àwọn òfin yìí dá ààbò tí káàdì líle ti ń pèsè padà sínú ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá wo àtẹ Codd àti àtẹ ìṣirò lórí bébà lè rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ojú wọn jọra, inú wọn kò jọra.

4. Láti VisiCalc Dé Lotus 1-2-3

Dan Bricklin ni ó ronú kan àtẹ ìṣirò orí kọ̀ǹpútà kékeré ní 1978, nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ okòwò ti Yunifásítì Harvard. Bob Frankston ni ó kọ ètò náà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni VisiCalc, orí kọ̀ǹpútà Apple II ni ó sì ti kọ́kọ́ jáde ní 1979. Ìlà òòró rẹ̀ jẹ́ 63, ìlà ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 254. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí nọ́ńbà kan bá yí padà, gbogbo èsì tí ó gbára lé e yóò yí padà pẹ̀lú.

Ìyípadà ńlá dé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà tí Lotus 1-2-3, iṣẹ́ Mitch Kapor àti Jonathan Sachs, jáde fún kọ̀ǹpútà IBM. Iṣẹ́ mẹ́ta tí ètò náà lè ṣe ni nọ́ńbà mẹ́ta inú orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí: ìṣirò, àwòrán ìṣirò, àti àkójọ ìsọfúnni. Nípa báyìí, ohun tí àwọn ènìyàn ti lè máa fi ọgbọ́n orí ṣe di ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ń polówó.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó kò le. Ìlà ìbú àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kọ àkọlé sí: orúkọ, àdírẹ́sì, iye owó. Ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀ dúró fún ènìyàn tàbí nǹkan kan. Bí òǹlò bá fẹ́ rí àwọn oníbàárà tí gbèsè wọn ju iye kan lọ, yóò kọ ohun tí ó ń wá sí apá ibòmíràn lórí àtẹ kan náà, yóò fi ibi tí àkójọ náà bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí han ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò sì ṣa àwọn ìlà tí ó bá a mu jáde.

5. Ìdí Tí Ó Fi Gbilẹ̀

Kì í ṣe pé kò sí ètò tí wọ́n ṣe fún àkójọ ìsọfúnni gan-an ní àkókò náà. dBASE II, tí ilé-iṣẹ́ Ashton-Tate ń tà, wà lọ́jà kí Lotus tó dé. Ṣùgbọ́n kí òǹlò dBASE tó lè kọ orúkọ kan ṣoṣo sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ orúkọ ìlà òòró kọ̀ọ̀kan, irú ohun tí yóò gbà, àti bí yóò ṣe gùn tó. Àtẹ ìṣirò kò béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ gbogbo ohun tí ó fẹ́ kó jọ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ó sì fi ìlà òòró mìíràn kún un lọ́jọ́ kejì. Gbogbo ohun tí ó kọ ni ó wà níwájú rẹ̀ tí ó ń rí.

Fún àkójọ kékeré, èyí kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tí ó ní igba oníbàárà, tí òun nìkan sì ń tọ́jú orúkọ wọn, kò nílò ju èyí lọ. Nígbà tí Microsoft gbé Excel jáde, ní 1985 fún Macintosh àti ní 1987 fún Windows, àṣà yìí bá a lọ.

6. Ohun Tí Àtẹ Kò Mọ̀

Àlàfo mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé àtẹ kò mọ̀ pé ìlà ìbú kan jẹ́ odindi. Nínú Lotus, òǹlò ni ó ń sọ ibi tí títò yóò dé. Bí ó bá gbàgbé ìlà òòró kan, àwọn yòókù yóò ṣí nípò, èyí tí ó gbàgbé yóò dúró síbẹ̀. Gbèsè ẹnìkan yóò wá dúró níwájú orúkọ ẹlòmíràn, àtẹ náà yóò sì mọ́ roro bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Èkejì ni pé àtẹ a máa méfò irú ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jù ni ti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa àbùdá. Wọ́n ń pe àbùdá kan ní SEPT2, òmíràn ní MARCH1. Excel ka wọ́n sí ọjọ́ inú oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹta, ó sì yí wọn padà láìbéèrè. Ìwádìí tí Ziemann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2016 fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn àpilẹ̀kọ tí ó fi àkójọ àbùdá sínú Excel ni irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní 2020, ìgbìmọ̀ tí ń sọ àbùdá lórúkọ kéde ìlànà tuntun: SEPT2 ti di SEPTIN2, MARCH1 sì di MARCHF1. Orúkọ ni wọ́n yí padà nítorí irin-iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ yìí kan èdè Yorùbá náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà inú ẹ̀rọ ni ó fà á, kì í ṣe àtẹ. Lẹ́tà tí IBM fi sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní 1981 ní à, é àti ò, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Ẹni tí ó bá to ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí rẹ̀ láìwá ọgbọ́n mìíràn yóò rí i pé ‘ọkọ’ di ‘oko’, ‘ẹ̀gbẹ́’ sì di ‘ègbé’. Ọ̀rọ̀ méjì di ọ̀kan, wíwá kan yóò sì gbé méjèèjì jáde. Èyí ni ìdí tí òfin Codd nípa àmì ìdánimọ̀ fi ṣe pàtàkì: bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ní nọ́ńbà tirẹ̀, wọn kò ní dàpọ̀ mọ́ ara wọn.

Ẹ̀kẹta ni pé àtẹ ní òpin. Ìlà ìbú Lotus àkọ́kọ́ jẹ́ 2,048. Ti Excel di 65,536 ní 1997, ó sì di 1,048,576 ní 2007. Ṣùgbọ́n irú fáìlì àtijọ́ tí òpin rẹ̀ jẹ́ 65,536 kò parẹ́.

7. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Oṣù Kẹsàn-án sí Oṣù Kẹwàá 2020

Àlàfo kẹta yìí ni ó di ọ̀ràn ẹ̀mí nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà. Àwọn yàrá àyẹ̀wò ń fi èsì ránṣẹ́ sí Public Health England, àjọ tí ń mójú tó ìlera ará ìlú nígbà náà. Àjọ náà ń kó àwọn èsì wọ̀nyí sínú fáìlì Excel irú ti àtijọ́ kí wọ́n tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń wá ẹni tí ó ti fara kan aláìsàn. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ìgbà náà ti wí, aláìsàn kan ń gba ìlà ìbú púpọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí fáìlì kan kò lè gbà ju nǹkan bí 1,400 aláìsàn lọ. Nígbà tí fáìlì kún, èyí tí ó ṣẹ́kù kò wọlé.

Aláìsàn 15,841 ni iye ojoojúmọ́ tí ìjọba ń kéde láti ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá fò dá. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò gba èsì tiwọn. Àwọn tí wọ́n ti bá pàdé ni ẹnikẹ́ni kò tètè wá kàn. Ìwádìí Thiemo Fetzer àti Thomas Graeber, tí ó jáde ní 2021, ṣírò rẹ̀ pé ìdádúró náà ní í ṣe pẹ̀lú àkóràn tí ó ju 100,000 lọ àti ikú tí ó ju 1,000 lọ. Àtúnṣe tí àjọ náà kọ́kọ́ ṣe ni láti pín èsì sí fáìlì kéékèèké. Dúrọ́ọ̀ káàdì ì bá ti kọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

8. Ìgúnlẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ìtàn yìí kò bá òwe náà mu tán, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi irin-iṣẹ́ ìṣirò tọ́jú ìsọfúnni láti 1983 tí kò sì ṣe wọ́n ní ibi. Ohun tí ó fi hàn ni pé ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti gba iṣẹ́ ṣíṣọ́ tí káàdì àti òfin Codd ń ṣe sí ọrùn ara rẹ̀. Òun ni yóò rí i pé ìlà ìbú kan dúró fún ohun kan ṣoṣo, pé ìlà òòró kan kò gba irú ohun méjì, pé ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, àti pé iye tí ó wọlé bá iye tí wọ́n fi ránṣẹ́ mu. Ẹnìkan lè ṣe èyí fún igba orúkọ. Níbi tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ bá ti ń kó ìsọfúnni jọ, tí ìlera ará ìlú sì wà lórí rẹ̀, ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ó máa ṣọ́ ọ, nítorí ó máa ń rẹ ojú ènìyàn.