Ìlàjà àti ìdájọ́ àfọwọ́yàn ní Pọbẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́

Pọbẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́ jẹ́ ìlú méjì ní ẹ̀ka ìjọba tí wọ́n ń pè ní Plateau, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin, nítòsí ààlà Nàìjíríà. Nàgó, Ọ̀họ̀rí àti Ègùn ni wọ́n jùmọ̀ ń gbé agbègbè yìí. Bí aáwọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn lórí ilẹ̀, gbèsè, ogún, ìgbéyàwó tàbí màlúù tó wọ oko, ilé ẹjọ́ ìjọba kọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà lọ. Ọ̀dọ̀ àgbà ilé ni. Bí kò bá rí i yanjú, ó di ọ̀dọ̀ olórí abúlé, tí àwọn àgbàlagbà ṣì ń pè ní dẹ́lẹ́gè, tàbí ọ̀dọ̀ baálẹ̀ àti ọba.

Oríṣi méjì ni ọ̀nà tí a fi ń parí ìjà lẹ́yìn òde ilé ẹjọ́. Nínú ìlàjà, ẹnì kan jókòó sáàárín àwọn tó ń jà títí tí wọn yóò fi fẹnu kò fúnra wọn. Onílàjà lè gba wọ́n nímọ̀ràn, kò lè dá wọn lẹ́bi tipátipá. Nínú ìdájọ́ àfọwọ́yàn, àwọn méjèèjì yan ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n sì ti gbà ṣáájú pé ohun tó bá sọ ni abẹ gé. Ìlàjà wà ní gbogbo abúlé. Ìdájọ́ àfọwọ́yàn lábẹ́ òfin ìgbàlódé, ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò ńlá ló ṣì jẹ́, Kútọnu ni wọ́n sì ti máa ń ṣe é.

Láti agbo ilé dé ààfin

Olórí ẹbí ni adájọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó fẹjọ́ sùn ló ń kọ́kọ́ rojọ́, wọn kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbọ́ ti ẹnìkejì. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn àgbà á bi ẹlẹ́rìí léèrè, wọ́n á jáde lọ sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, wọ́n á sì padà wá bá àwọn tó ń jà wí, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n dá ẹnì kan láre pátápátá. Ẹni tó jàre pàápàá á gbọ́ tirẹ̀: kí ló dé tó fi bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ọjà? Ẹni tó jẹ̀bi á san ìtanràn, ọtí tàbí obì, á sì tọrọ àforíjì. Àwọn tó fẹ́ràn ilé ẹjọ́ ìjọba máa ń sọ pé èyí kì í ṣe ìdájọ́ gidi. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì yóò jọ pọnmi nínú kànga kan náà lọ́la, àwọn àgbà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, awo bíi Orò ló ń fi agbára ti ìpinnu ìlú lẹ́yìn. Ijó ìbòjú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ní ipa tirẹ̀. Ní òru Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, akọrin lè fi orin tú ìwà ẹni tó rẹ́ni jẹ tàbí tó kọ etí ikún sí ìmọ̀ràn àgbà, ojú gbogbo ìlú sì ni yóò ti gbọ́ ọ. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá aráyé ní 2001, wọ́n sì fi í sínú àkọsílẹ̀ wọn ní 2008, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo.

Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1889 pín ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn sí méjì. Ṣakẹ́tẹ́ dìde sí Faransé ní 1905, àwọn Ọ̀họ̀rí náà sì ṣọ̀tẹ̀ láàárín 1914 sí 1916. Faransé tẹ̀ wọ́n lórí ba. Òyìnbó tún gbé ilé ẹjọ́ ọmọ ìbílẹ̀ kalẹ̀, tí aláṣẹ Faransé ń darí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta 1931, ìjọba Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe Benin nígbà náà, mú ìwé kan jáde tó kó àṣà gbogbo ẹ̀yà jọ, tí wọ́n ń pè ní Coutumier du Dahomey. Ìwé yẹn ṣe ìpalára ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ohun tí àgbà ilé kan ti lè tún ṣe fún ọmọbìnrin kan nítorí ipò tó wà, ìwé sọ ọ́ di òfin líle, ó sì ka obìnrin mọ́ ohun tí à ń jogún. Ọdún 1996 ni Ilé Ẹjọ́ Òfin Orílẹ̀-èdè tó sọ pé ìwé náà kò ní agbára òfin. Òfin ẹbí ti ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 2004 sì fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ ogún bákan náà.

Ilẹ̀

Kò sí aáwọ̀ tó pọ̀ tó ti ilẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni agbègbè yìí, Pọbẹ̀ sì ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ sí ní 1922. Ọ̀pẹ ló sì máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Bàbá àgbà kan nílò owó ìnáwó òkú, ó fi oko ọ̀pẹ dógò lọ́wọ́ aládùúgbò. Kò sí ìwé. Àwọn méjèèjì kú. Àwọn ọmọ ẹni tó gba dógò ti gbin igi tuntun, wọ́n sì gbà pé bàbá àwọn ra ilẹ̀ náà ni. Àwọn ọmọ ẹni tó fi dógò mú owó wá. Lójú àṣà, dógò kì í kú, bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹni tó bá san owó yóò gba ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí pé dógò ni, pé kì í ṣe títà?

Ibẹ̀ ni onílàjà abúlé ti ní ìmọ̀ tí adájọ́ láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kò ní. Yóò kó àwọn méjèèjì lọ sí oko, yóò wo pèrègún tí wọ́n fi pààlà, yóò bi àwọn tí oko wọn bá a pààlà léèrè. Ẹni tó bá ń purọ́ mọ̀ pé ojú àwọn tó mọ bàbá òun ni òun ti ń purọ́.

Òfin ilẹ̀ ti ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, gbìyànjú láti fi ìwé kún ẹ̀rí ẹnu. Ó dá ANDF, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀, sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ó sì gbé ìgbìmọ̀ ilẹ̀ kalẹ̀ ní kọ́múùnù, pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀ ní abúlé, tí àwọn ará abúlé fúnra wọn wà nínú rẹ̀. Ní ti àwọn Fúlàní darandaran àti àgbẹ̀, òfin dídá ẹran tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹrin 2019 ló ń darí ọ̀rọ̀ wọn.

Ohun tó ń mú ìlàjà dúró

Òfin Benin kò fi ìlàjà sílẹ̀ fún àgbà ilé nìkan. Ilé ẹjọ́ ìlàjà wà, tí ará ìlú lè lọ kí ọ̀rọ̀ tó dé ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́. Lábẹ́ òfin iṣẹ́ ti ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 1998, òṣìṣẹ́ tó bá ní ẹjọ́ pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ìjọba yàn láti máa bójú tó ọ̀ràn iṣẹ́, kí ó bá wọn làjà. Tọkọtaya tó fẹ́ kọ ara wọn náà, adájọ́ á kọ́kọ́ gbìyànjú láti parí rẹ̀. Ẹni tí ọ́fíìsì ìjọba bá ṣe ní àìdáa lè kọ̀wé sí Alárinà Orílẹ̀-èdè, ipò tí òfin 2009 fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí Pọbẹ̀ kò tíì ní ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ tirẹ̀, Àjàṣẹ́ ni wọ́n ń gbẹ́jọ́ lọ, owó ọkọ̀ nìkan sì tó láti mú kí ènìyàn gba ìlàjà.

Ìwé ló kù díẹ̀ káàtó. Bí wọ́n bá kọ ohun tí àwọn méjèèjì fẹnu kò sí, tí olórí ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ sì fọwọ́ sí i, ó di ohun tí a lè fi ipá òfin mú ṣẹ. Bí kò bá sí ìwé, ìran kẹta á tún ìjà náà jà. Mo ka èyí sí àléébù ìlàjà abúlé tó tóbi jù lọ, ó sì rọrùn láti wò ó sàn.

Àléébù kejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìbátan ọkọ ni onílàjà, obìnrin tó wá gbé ilé ọkọ kò ní ẹnì kankan lẹ́yìn. Bí opó bá ní òun yóò lọ sílé ẹjọ́ gba ilẹ̀ àwọn ọmọ òun, wọ́n á sọ fún un pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe gidi ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ ogún ẹlòmíràn ló máa ń yára rántí rẹ̀. Àwọn ọ̀ràn kan sì wà tí kò yẹ kí àgbà ilé dá sí rárá. Láti ìgbà òfin ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá 2021, ilé ẹjọ́ pàtàkì CRIET ní Àjàṣẹ́ ló ń gbọ́ ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ àti irú rẹ̀. Obì àti ọtí kò lè parí i.

Ọ̀nà àwọn oníṣòwò

Benin wà nínú OHADA, àjọ orílẹ̀-èdè 17 tó ní òfin òwò kan náà, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Port-Louis ní 1993. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá 2017, ní Conakry, àjọ náà tún òfin ìdájọ́ àfọwọ́yàn ti 1999 ṣe, ó sì gbé òfin ìlàjà jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Adájọ́ àfọwọ́yàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan tàbí mẹ́ta. Bí àdéhùn kò bá dá ọjọ́, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún un. Kò sí kòtẹ́milọ́rùn lórí ìdájọ́ rẹ̀, àfi kí a bẹ ilé ẹjọ́ pé kí ó fagi lé e nítorí ìdí díẹ̀ tí òfin kà sílẹ̀. Ní Kútọnu, ilé-iṣẹ́ CAMeC, tó wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ àwọn oníṣòwò, ló ń bójú tó irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Nàìjíríà kò sí nínú OHADA, Òfin Ìdájọ́ Àfọwọ́yàn àti Ìlàjà tirẹ̀ jáde ní 2023. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè méjèèjì ti wọ àdéhùn New York ti 1958 lórí gbígba ìdájọ́ àfọwọ́yàn ilẹ̀ òkèèrè, Nàìjíríà ní 1970, Benin ní 1974. Nítorí náà, oníṣòwò Ṣakẹ́tẹ́ tó ń tajà fún ará Ìlaro ní Nàìjíríà lè kọ sínú àdéhùn wọn pé adájọ́ àfọwọ́yàn ni yóò gbọ́ ẹjọ́ wọn, ìdájọ́ tó bá jáde ní ìhà kan ààlà yóò sì lágbára ní ìhà kejì. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ń tajà láwìn láìkọ ohunkóhun sílẹ̀, bí owó bá sì há, ìbátan tó ní ilé ní ìhà méjèèjì ni wọ́n ń rán lọ bá onígbèsè.