Ta Ló Ni Àṣẹ Lórí Ìbọn? Láti Woolwich dé Ọ̀wọ̀

Ẹni tó bá wọ Woolwich Ferry láti sọdá odò Thames ní London kò ní san kọ́bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni láti ọjọ́ 23, oṣù Kẹta, ọdún 1889. Bó bá sọ̀kalẹ̀ ní gúúsù odò, tó yà sọ́wọ́ òsì, kò ní pẹ́ dé Royal Arsenal, ilé iṣẹ́ ohun ìjà àtijọ́, níbi tí ilé ìrọ àgbá tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1717 ṣì dúró sí. Ilẹ̀ Arsenal yìí lọ títí dé àbàtà tó di Thamesmead lónìí, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé.

Woolwich yìí ni Edward Boxer ti ṣe ọta ìbọn Snider ní ọdún 1866. Nígbà Ogun Kírìjì (1877 sí 1893), ìbọn Snider dé ọwọ́ àwọn Èkìtìparapọ̀, tó ń bá Ìbàdàn jà, láti Èkó. Ìbọn àtijọ́, ṣakabùlà, ẹnu ni wọ́n ti ń ki í, pẹ̀lú ẹ̀tù àti ọ̀pá. Ti Snider, ẹ̀yìn ni, ó sì yá ju ṣakabùlà lọ. Láyé ìgbà náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń wá ìbọn tirẹ̀.

Ní Bìrìtìkó pàápàá, òfin ọdún 1870 kò béèrè ju ṣílè mẹ́wàá lọ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé ìbọn jáde nílé. Òfin ọdún 1920 ló gbé ìpinnu lé ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè lọ́wọ́: òun ni yóò wò ó bóyá olùbéèrè ní ìdí gidi, bóyá ó sì ṣeé fọkàn tán. Ilé Aṣòfin ló ń ṣe òfin, ọlọ́pàá àgbègbè ló ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ. Káńsù Greenwich, tó ni Woolwich, kò sí níbẹ̀. Scotland gba àyè díẹ̀: láti ìparí ọdún 2016 ló ti ní òfin tirẹ̀ lórí ìbọn afẹ́fẹ́.

Ṣùgbọ́n pé ọlọ́pàá tó ń fọwọ́ sí i sún mọ́ni nìkan kò tó o. Ní Dunblane ní Scotland, ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 1996, ọkùnrin tó pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn ní ìwé àṣẹ ọlọ́pàá lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin ọdún 1997 gba ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú.

Ní Nàìjíríà, Firearms Act ọdún 1959 fi àṣẹ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ìwé òfin ọdún 1999 sì fi ìbọn sínú ohun tí Àbújá nìkan lè ṣòfin lé lórí. Nígbà tí wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ ààbò ilẹ̀ Yorùbá, sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2020, ìpínlẹ̀ lè gba ọdẹ síṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè fún un ní ìbọn ńlá. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, àwọn apànìyàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì St Francis l'Ọ́wọ̀, wọ́n pa èèyàn tó lé ní 40. Gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, Rótìmí Akérédolú, bèèrè ìbọn fún Àmọ̀tẹ́kùn, Àbújá kọ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí òfin ìbọn jẹ́ ọ̀kan káàkiri orílẹ̀-èdè, kí ìbọn má baà di ọjà òṣèlú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin aṣòfin, ẹ jẹ́ kí ìpinnu sún mọ́ ẹni tó mọ ọdẹ àti igbó rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì máa yẹ iṣẹ́ olùpinnu náà wò.