Ìtàn Pátánì Ìránṣọ àti Àpò Aṣọ Onípele

Kí ọjà tó mọ àpò tà ni ilé ti mọ̀ ọ́n rán, ohun tí mo sì fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn nìyí bí a ti ń tọ ìtàn yìí bọ̀ láti ìdí rẹ̀. Àpò tí mò ń wí ni èyí tí a há òwú sáàárín aṣọ rẹ̀ méjì, tí a sì fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra ní ìlà-ìlà títí wọ́n fi di ara kan, irú aṣọ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní kúílìtì. Iṣẹ́ méjì ni ó pàdé tí ó bí i: èkíní ni aṣọ onípele fúnra rẹ̀, arúgbó ọjọ́ tí ó ti bá ọba àti jagunjagun rìn, èkejì ni pátánì, ìwé tí a gé ní ìwọ̀n tí aṣọ yóò jẹ́, ọmọdé tí kò tíì pé igba ọdún tí ó wọ ilé àwọn obìnrin.

Ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ère kékeré kan wà tí a fi eyín erin gbẹ́ ní àwòrán ọba Íjíbítì, tí a hú ní Abydos, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí 5,000 ọdún. Aṣọ ìlékè tí ọba náà dà bora ní ìlà adábùú tí ó jọ ti aṣọ onípele gan-an. Àwọn ológun Yúróòpù tí ó lọ jà ní Jerúsálẹ́mù a máa wọ ẹ̀wù onípele sábẹ́ ẹ̀wù irin kí ọ̀gbẹ́ má baà wọ̀ wọ́n lára. Ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn ẹlẹ́ṣin Hausa àti ti Bornu mọ ọgbọ́n yìí dunjú, nítorí lífídì tí wọ́n fi ń bo ẹṣin ogun, òwú àràbà ni wọ́n ń kì sínú rẹ̀ kí wọ́n tó rán an ní ìlà-ìlà, kí ọfà lè há sínú aṣọ kí ó má dé ara ẹṣin.

Láti ojú ogun ni ó ti rìn dé ìdí obìnrin. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1700, a kì í rán àpò mọ́ aṣọ obìnrin. Àpò tirẹ̀ dá dúró, okùn ni ó fi ń so ó mọ́ ìbàdí lábẹ́ aṣọ òkè, ó sì ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ láti inú ojú ihò tí a dá sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà. Nílé ni wọ́n ti ń rán ọ̀pọ̀ wọn, láti inú àjákù aṣọ tí a tò pọ̀, tí òmíràn sì jẹ́ onípele. Nígbà tí aṣọ obìnrin di tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ọdún 1800 ń kù sí dẹ̀dẹ̀, tí kò sí ibi tí àpò lè fara pamọ́ sí mọ́, ó jáde sí gbangba, ó di ìfàlọ́wọ́. Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran: ojú ni ọmọbìnrin fi ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, títí tí ìwé ìròyìn obìnrin fi dé. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Godey's Lady's Book, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Philadelphia ní 1830; ṣùgbọ́n àwòrán inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kéré, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lò ó ni yóò fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ sọ ọ́ di ńlá.

Ebenezer Butterick, télọ̀ ní ìlú Sterling ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ni ó tú ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn sọ pé Ellen, aya rẹ̀, ń rán aṣọ ọmọ wọn lọ́wọ́ nígbà tí ó ráhùn pé ì bá ti dára tó bí pátánì bá wà tí a ti gé ní ìwọ̀n ọmọ náà. Òótọ́ ni pé Madame Demorest ti ń ta pátánì ní New York ṣáájú, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan ṣoṣo ni tirẹ̀, àti ẹni tí ó sanra àti ẹni tí ó pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni yóò máa dá ọgbọ́n sí i. Ní 1863 ni Butterick kó pátánì olóríṣiríṣi ìwọ̀n jáde, ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ká kéékèèké tí ilé ìfìwéránṣẹ́ lè gbé dé abúlé tí kò ní télọ̀. Mo ka ọdún náà sí ọdún ńlá. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, ọgbọ́n tí ọmọ iṣẹ́ ń fi ọdún gbọọrọ sin ọ̀gá kí ó tó rí gbà ni obìnrin oko wá ń fi owó kékeré rà. Ẹ̀rọ ìránṣọ Singer, tí ó gba ìwé àṣẹ ní 1851, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní sísan díẹ̀díẹ̀ ní 1856, ti wà nílé dè é. Nínú títa pátánì, ilé iṣẹ́ McCall tẹ̀ lé Butterick ní 1870, Simplicity ní 1927.

Ọjà wá gba àpò náà lọ́wọ́ ilé fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù Èrèlé 1955 ni Coco Chanel gbé àpò aláwọ onílà adábùú jáde ní Paris, tí ó gbayì láàárín àwọn ọlọ́lá. Ní 1982, Barbara Bradley Baekgaard àti Patricia Miller dá ilé iṣẹ́ Vera Bradley sílẹ̀ ní Fort Wayne, ní ìpínlẹ̀ Indiana, wọ́n ń ta àpò òwú onípele olódòdó. Nígbà tí àwọn obìnrin rí i pé aṣọ òwú lásán ni, wọ́n padà sídìí ẹ̀rọ. Ọ̀bẹ olóbìrípo tí ilé iṣẹ́ Olfa ti Japan ṣe ní 1979 sì ti sọ gígé ègé aṣọ di kíákíá.

Pátánì àpò onípele kò rí bí ti ẹ̀wù. Aṣọ onípele a máa súnkì bí abẹ́rẹ́ ti ń gún un, nítorí náà a ó kọ́kọ́ gé ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n tóbi ju pátánì lọ yíká, a ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, a ó rán láti àárín lọ sí etí kí aṣọ má baà kó jọ, lẹ́yìn èyí ni pátánì yóò tó gorí rẹ̀. Igun méjèèjì ìsàlẹ̀ ni a ó tẹ́ ní onígun mẹ́ta tí a ó rán dábùú, kí àpò lè ní ìdí tí yóò fi jókòó. Etí rẹ̀ tí ó nípọn ni a ó sì fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀ dì, torí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ a máa nà yí igun ká. Lóde òní, inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ pátánì ti ń wá, a ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé nílé, a ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Àwòrán onígun mẹ́rin kékeré kan sì sábà máa ń wà lójú ewé àkọ́kọ́, tí a ó fi rúlà wọ̀n kí àlùmọ́gàjí tó kan aṣọ, nítorí bí kò bá pé ìwọ̀n tí a kọ sí i, àpò náà yóò kéré tàbí kí ó tóbi jù.