Ìtàn Hẹ́dífóònù àti Ohùn Àwọn Àgbà Wa

Orúkọ tí àwọn baba wa sọ rédíò nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ yìí dùn mọ́ mi púpọ̀: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ yìí ti kíyè sí ohun pàtàkì kan. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ náà wí, ẹ kò lè bi í pé, "Kí ni o wí?" Ọ̀rọ̀ ti kọjá lọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí ohun èlò kan tí a ń dé sí etí kí ọ̀rọ̀ má bàa bọ́ sọnù, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní hẹ́dífóònù. Íyápíìsì wẹ́wẹ́ tí a ń ki bọ ihò etí kọ́ ni mo ní lọ́kàn. Èyí tí ó ní igbá méjì tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ̀ lórí àtàrí, tí a sì dé ẹ̀yìn igbá náà pa kí ohùn má bàa jáde, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Pàápàá èyí tí owó rẹ̀ kò ga ju agbára òṣìṣẹ́ lọ, tí kì í sì í ṣe ti gbàǹjo.

Tẹlifóònù ni ìyá tí ó bí i. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí so wáyà ìlú kan mọ́ òmíràn, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń so wọ́n gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ méjèèjì lófo. Láàárín ọdún 1880 sí 1890, èjìká ni àwọn mìíràn nínú wọn fi ń gbé ẹ̀rọ etí náà, ó sì wúwo bí ẹrù ìgbẹ́sẹ̀. Etí kan ṣoṣo ni ó sì ń sìn.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1881, ní ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Clément Ader ti na wáyà láti gbọ̀ngàn Opéra dé ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ ohun èlò iná mànàmáná. Ó to máíkì sí apá ọ̀tún àti apá òsì pèpéle; ẹni tí ó wá gbọ́ orin a fi ẹ̀rọ kan sí etí ọ̀tún, a fi èkejì sí etí òsì. Ẹnu yà wọ́n. Bí olórin bá rìn láti apá kan lọ sí èkejì, wọ́n ń gbọ́ ìrìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò rí i.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa ará Ìbàràpá láti mọ̀, àgàgà ará Ìgbò-Ọrà tí gbogbo ayé fi ìbejì mọ̀. Bí ìró bá ti ọwọ́ ọ̀tún wá, etí ọ̀tún ni Táyé, òun ni ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Etí òsì ni Kẹ́yìndé. Àkókò tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kò tó ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, síbẹ̀ òun ni ọpọlọ fi ń mọ ibi tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ dúró sí. Ẹni tí ó fi etí kan ṣoṣo gbọ́ ìjíròrò àwọn àgbà mẹ́ta yóò gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n yóò ṣòro fún un láti mọ ẹni tí ó sọ èwo.

Ẹni tí ó sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn lè dé lórí kí ó sì fi ṣiṣẹ́ ni Nathaniel Baldwin, ará Utah ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1910 ó kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun ojú omi. Wọ́n dán an wò, wọ́n rí i pé ó sàn ju èyí tí wọ́n ń lò lọ, wọ́n sì ní kí ó ṣe púpọ̀ wá. Mẹ́wàá mẹ́wàá ni Baldwin lè ṣe lẹ́ẹ̀kan, nítorí inú ilé ìdáná rẹ̀ ni ó ti ń ṣe é! Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ ogun lórí òkun: ẹ́ńjìnnì ń hó, omi ń ru, ọ̀gá ń pàṣẹ, ẹni tí ó jókòó ti wáyálẹ́ẹ̀sì sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ìró tín-ín-tín tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń dé etí. Ọ̀rọ̀ fàájì kò tí ì sí níbẹ̀.

Ní ọdún 1937, Eugen Beyer, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì nígbà náà, gbé DT 48 jáde. Nínú rẹ̀ ni a ti ká wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ róbótó mọ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, tí òòfà sì wà nítòsí rẹ̀. Bí iná tí ó gbé ohùn bá ti ń gba inú wáyà kọjá, òòfà a máa tì í, a máa fà á, awọ náà a máa gbọ̀n, gbígbọ̀n rẹ̀ a sì di ohùn. Ẹni tí ó bá ti wo awọ dùndún bí kọ̀ǹgó ti ń bà á ti mọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Irú èyí ni ó pọ̀ jù lọ lórí àtẹ títí di òní, wọ́n sì ṣe DT 48 náà fún ohun tí ó ju 70 ọdún lọ kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Ní ọdún 1932 ni Èkó bẹ̀rẹ̀ sí gba ètò tí BBC ń fi ránṣẹ́ láti London. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà pín in wọ ilé àwọn tí ń san owó oṣooṣù. Ìbàdàn rí tirẹ̀ ní ọdún 1939. Àpótí kan ni wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, kò sì sí pé à ń yan èyí tí ó wù wá. Kò sí ẹni tí ń dé nǹkan sí etí nígbà náà. Agboolé lápapọ̀ ni ó ń gbọ́. Bí ìròyìn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, baba a ní kí àwọn ọmọ dákẹ́, ìyá a dá ọmọ odó dúró. Ìdákẹ́jẹ́ ilé ni hẹ́dífóònù ayé ìgbà náà. Oko kò sì ní wáyà. Ó di ìgbà tí rédíò oní-tiransísítọ̀ dé, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1954, kí asọ̀rọ̀mágbèsì tó lè bá àgbẹ̀ dé ìdí ẹ̀gẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn rédíò kékeré wọ̀nyí ni ó bá íyápíìsì kan wá nínú páálí rẹ̀, ti etí kan ṣoṣo.

Ọdún 1958 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà, John Koss àti ẹnìkejì rẹ̀ Martin Lange ṣe giramafóònù kan tí a lè gbé kiri. Kí ènìyàn lè gbọ́ orin láì yọ ará ilé lẹ́nu, wọ́n fi páálí ṣe igbá méjì, wọ́n fi sípíkà kékeré sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi awọ rírọ̀ ṣe tìmùtìmù rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ, àwọn ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má wo giramafóònù. Igbá etí ni wọ́n ń tò fún.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, WNBS tí í ṣe ti rédíò sì bá a kẹ́gbẹ́. Ẹni tí ó bá ti yọjú sí yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ rí yóò ti béèrè ìdí tí olóòtú fi ń dé etí nígbà tí ó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Bí sípíkà bá ń sọ̀rọ̀ níbi tí máíkì ti ṣí, máíkì yóò gbé ohùn sípíkà, sípíkà yóò tún sọ ọ́ jáde, máíkì yóò tún gbé e, títí yóò fi di igbe tí ń dún wíì bí ẹ ti máa ń gbọ́ ọ níbi ìnáwó. Nítorí náà wọ́n a pa sípíkà, olóòtú a sì dé hẹ́dífóònù. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a dé ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ohùn tí ó bá gba ẹ̀yìn jáde, inú máíkì ni yóò tún bọ́ sí.

Àwọn Sennheiser ará Jámánì gbé èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, HD 414, jáde ní ọdún 1968. Ó fúyẹ́, kò mú etí gbóná, ó sì tà ju 10 mílíọ̀nù lọ. Fún ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ nínú yàrá rẹ̀, mo gbà pé ó dára. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ní irú yàrá bẹ́ẹ̀, láàárín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ọ̀kadà, àti ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé?

Ẹ̀yìn dídé ní wàhálà tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí awọ inú igbá ti ń rán ohùn síwájú ni ó ń rán irú rẹ̀ sẹ́yìn. Èyí tí ó lọ sẹ́yìn yóò kọlu ìdérí, yóò sì padà wá da ti iwájú rú. Ẹ sọ̀rọ̀ sínú àmù òfìfo kí ẹ gbọ́ bí ohùn yín yóò ti wú. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ a máa fi òwú tàbí aṣọ onírun tẹ́ inú igbá náà kí ó lè gbé ohùn ẹ̀yìn mì. Ẹni tí èrè nìkan ń jẹ lọ́kàn a fi í sílẹ̀ kí ó máa dún kùù-kùù, a sì kọ ọ́ sára páálí pé béèsì ni.

Béèsì àpọ̀jù yìí kò bá èdè wa lára mu. Èdè olóhùn ni tiwa: igbá yàtọ̀, igba yàtọ̀, ìgbà yàtọ̀. Tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ìró tí kò bá gbọ̀n tó ìgbà 300 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin sábà máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí 100. Síbẹ̀ a ń gbọ́ ara wa lórí tẹlifóònù, a kì í ṣi igbá gbọ́ sí ìgbà, nítorí lórí ìpìlẹ̀ ohùn ni àwọn ìró kéékèèké mìíràn gùn, etí a sì ti ara wọn mọ ìpìlẹ̀ tí kò gbọ́. Béèsì tí ó wú ni ó ń bo àwọn ìró kéékèèké wọ̀nyí mọ́lẹ̀. Ohùn tínrín náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: bí ó bá dín jù, "ó ń sá" àti "ó ń ṣá" yóò di ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ẹnìkan ń sá lọ ni, èkejì mú àdá lọ́wọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni lọ gba ohùn ọdẹ àgbàlagbà kan sílẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Tápà. Ìjálá ni baba náà ń sun. Fóònù ni wọ́n fi gbà á, kò sì sí ẹni tí ó dé nǹkan sí etí láti mọ ohun tí ń wọlé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ẹ́ńjìnnì ìlọgàrí ń dún. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ kì í ka irú ariwo bẹ́ẹ̀ sí, nítorí ọpọlọ wa mọ bí a ti ń gbájú mọ́ ẹni tí ń bá wa sọ̀rọ̀. Máíkì kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a gbọ́ ọ ní kíláàsì, oríkì ẹfọ̀n wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó lè tò ó tán nínú wa. Wọ́n ní àwọn yóò padà lọ lẹ́yìn ìdánwò. Baba náà kú kí ìdánwò tó parí.

Láti ìgbà náà, n kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan lọ gba ohùn àgbà láì dé etí. Mo sì ti rí i pé ìrọ̀rùn ni ó ń pinnu bóyá wọn yóò gbọ́ràn. Hẹ́dífóònù tí etí kò lè fara dà fún wákàtí kan, orí ìṣó ni yóò wà, bí ohùn rẹ̀ dára bí ó ti wù kí ó rí. Ní oṣù Kejì àti ìkẹta, nígbà tí oòrùn Ìbàràpá bá mú, tìmùtìmù tí ó jọ awọ a máa mú etí làágùn, a sì máa hó bó tí ó bá pẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń dí ariwo dáadáa. Tìmùtìmù aláṣọ bí àrán tutù sí ara jù ú lọ, ariwo díẹ̀ a sì máa bá ibẹ̀ wọlé. Ti aláṣọ ni èmi fẹ́. Bí irin orí bá le jù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ a máa dunni. Bí ó bá dẹ̀ jù, àlàfo a ṣí, ìró ìsàlẹ̀ a sì bá ibẹ̀ lọ. Gèlè, fìlà abetí-ajá àti apá gíláàsì ojú a máa ṣí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ ṣí gèlè kí ẹ tó dá hẹ́dífóònù lẹ́bi.

Lára èyí tí àwọn oníṣẹ́ ohùn ń lò ni beyerdynamic DT 770, tí ó ti wà láti ọdún 1985, aláṣọ ni, nǹkan bí 270 giráàmù; Sony MDR-7506 ti ọdún 1991, tí ó fúyẹ́ jù wọ́n lọ ní nǹkan bí 230 giráàmù; àti Audio-Technica ATH-M50x ti ọdún 2014, nǹkan bí 285 giráàmù, tí a lè yọ wáyà rẹ̀ kí a fi òmíràn dípò bí ó bá já. Láàárín 100 dọ́là sí 200 ni wọ́n ń tà wọ́n lókè òkun. Ayédèrú wọn pọ̀ lórí àtẹ. Ti aláìníwáyà dùn ún lò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ohùn a máa pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé etí, kò sì yẹ fún ẹni tí ń gba ohùn sílẹ̀. Bí ẹ bá sì ń rìn ní ọ̀nà Ìgbò-Ọrà sí Abẹ́òkúta, ẹ ṣí etí yín sílẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ fèrè ọkọ̀.

Àǹfààní kan tún wà fún ẹ̀yìn dídé: nígbà tí ariwo ìta kò wọlé, kò sí ìdí láti yí ohùn sókè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ènìyàn má kọjá 80 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ kan. Ọmọ tí íyápíìsì rẹ̀ ń bá ẹ́ńjìnnì du ariwo ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́.

Bí ẹ bá wá fẹ́ rà á ní Ìbàdàn, ẹ má jẹ́ kí òǹtajà fi orin tirẹ̀ dán an wò fún yín, nítorí orin tí ó mú béèsì rẹ̀ lẹ́wà ni yóò yàn. Ẹ gba ohùn ìyá àgbà yín sórí fóònù yín láti ilé, kí ó máa ki oríkì ẹnìkan, kí onílù kan sì lù sí i bí ẹ bá rí i. Èyí ni kí ẹ gbọ́. Ẹ dé e fún 20 ìṣẹ́jú gẹ́gẹ́, bí òǹtajà tilẹ̀ ń wojú yín, kí ẹ sì béèrè bóyá ó ní tìmùtìmù tí a lè fi pààrọ̀. Bí ó bá ní kò sí, ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.