Ojú Àpá àti Ojú Ara: Ilà Kíkọ àti Ìtàn Àpá Wíwú Láàrin Àwọn Ọ̀yọ́

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Òwe yìí kò ṣẹ̀yìn ohun tí àwọn baba ńlá wa ṣàkíyèsí nípa bí egbò ṣe ń jinná. Bí a bá wo ojú àwọn àgbàlagbà ní Fìdítì, Ìlọrá àti àwọn ìlú Ọ̀yọ́ yòókù, a ó rí àbàjà, pélé tàbí gọ̀mbọ́ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, kò ṣòro láti rí ọmọbìnrin tí kókó hù sí létí níbi tí wọ́n lu fún yẹtí. Kí ló dé tí abẹ olóòlà kò wú, tí abẹ́rẹ́ kékeré sì di kókó? Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn.

Ilà ní Ilẹ̀ Ọ̀yọ́
Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, to oríṣiríṣi ilà ojú lẹ́sẹẹsẹ. Ìdánimọ̀ ni ilà jẹ́, pàápàá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́, tí ogun sì tú àwọn ènìyàn ká síhà gúúsù. Ìgbà ọmọdé ni olóòlà sábà máa ń kọ ọ́. Omi ìgbín ni wọ́n fi ń tu egbò lára, èédú ni wọ́n sì fi ń mú ilà dúdú. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ka kíkọ ilà sára ọmọdé léèwọ̀; owó ìtanràn tí kò ju ₦5,000 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù kan lọ, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ṣe òfin tirẹ̀ ní 2006.

Ohun tí ó So Ara Pọ̀
Lábẹ́ awọ ara ni àwọn fọ́nrán líle wà tí ó so ara pọ̀. Kọ́lájìn ni orúkọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí àtè ni orúkọ náà ti wá. Bí ara bá gbọgbẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan yóò hun kọ́lájìn tuntun dí ojú egbò. Bí egbò bá ti dí, ara a máa dín híhun náà kù, a sì máa tún èyí tí ó ti hun tò. Nínú àpá wíwú tí àwọn oníṣègùn ń pè ní keloid, híhun náà kò dáwọ́ dúró bí ó ti yẹ. Kọ́lájìn yóò di ìdì nínípọn, yóò sì ré kọjá ààlà egbò àkọ́kọ́. Etí, àyà, èjìká àti àgbọ̀n ni ó sábà máa ń yọ sí. Láàrin ọmọ ọdún 10 sí 30 ni ó wọ́pọ̀ jù. Ó ṣọ̀wọ́n lára ọmọ ọwọ́.

Níbí ni apá kan ìdáhùn wa wà. Ọjọ́ orí tí àìsàn yìí ti ṣọ̀wọ́n ni olóòlà ń kọ ilà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ń lu etí tàbí tún un lu nígbà tí wọ́n ti bàlágà.

Àwọn tí ó Kọ Ọ́ Sílẹ̀
Jean-Louis Alibert, oníṣègùn ará Faransé, ṣe àpèjúwe àìsàn yìí ní 1806. Lẹ́yìn náà ni ó fi èékánná akàn sọ ọ́ lórúkọ. Ní 1973, P. Omo-Dare tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú jọ́nà oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà lórí ipa tí Yorùbá kó nínú ìmọ̀ nípa rẹ̀. Ní 1975, ó tún kọ̀wé lórí bí ó ṣe ń jẹ́ àjogúnbá. Nítorí náà, ẹni tí ó ní àpá wíwú ń bẹ nínú ìdílé òun kò purọ́. Ẹni tí ó pè é ní èpè ni ó ṣìnà.

Ìkádìí
Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé àpá wíwú kì í ràn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayé. Bí a bá gé e lásán, nǹkan bí 45 sí 100 nínú 100 ni ó ń padà wá, nígbà mìíràn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi máa ń fi abẹ́rẹ́ tàbí ìtànṣán kún iṣẹ́ abẹ. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ní irú àpá bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ lu etí láìrò ó. Ọmọ tí ó sì ti ní i kò gbọdọ̀ di ẹni yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì wa. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara kan náà ni ó ni méjèèjì.