Ìjàpá, Kílọ́ọ̀ṣì Rẹ̀ àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Baba Wa

Ìtàn ọba àti ìtàn ogun ni a sábà máa ń kà nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn ọkọ̀ la mú wá, ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lọ sí iléèwé: Volkswagen tí àwa Yorùbá sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto.

Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Ferdinand Porsche ló gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ kí ogun tó dé, ṣùgbọ́n ogun kò jẹ́ kí ará ìlú rí i rà. Ní 1945, ọ̀gá sójà Gẹ̀ẹ́sì kan, Major Ivan Hirst, ló tún ilé iṣẹ́ Wolfsburg gbé dìde, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ 20,000 fún àwọn. Ní 1959 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Fusca. Ní 1975, Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó. Puebla ní Mexico ni èyí tó kẹ́yìn ti jáde ní oṣù keje 2003, nígbà tí iye wọn ti ju mílíọ̀nù 21 lọ.

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, atẹ́gùn ló sì ń tù ú, kò lo omi. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀gá mẹkáníìkì ti ń mọ ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́n. Wọn á tú bátìrì, wọn á dí ọ̀pá epo kí iná má ṣẹ́, wọn á fi jáàkì gbé ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tó tú bóòtì mẹ́rin tó so ó mọ́ gíà. Wọn kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rọ̀ sórí ọ̀pá gíà, nítorí ó lè tẹ àwo kílọ́ọ̀ṣì. Bí òróró bá ti kan àwo náà, wọn á kọ́kọ́ wá ibi tó ń jò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tuntun náà á bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àìsàn kílọ́ọ̀ṣì ló ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ti fẹ́ ta Ìjàpá tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, ọkọ̀ kò lè gun òkè, mẹkáníìkì kan sì ti ní kílọ́ọ̀ṣì ti jóná, owó rẹ̀ sì ju ti ọkọ̀ lọ. Baba kan láàárín wa, tó kọ́ṣẹ́ nílé, ní kí wọ́n dúró ná. Ó fi ọwọ́ tẹ pẹ́dàlì: kò ní àyè kankan rárá. Ó yẹ kó kọ́kọ́ rìn ní fẹ́rẹ́, bíi mìlímítà 10 sí 20, kó tó le. Bí àwo ṣe ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀ ni àyè yìí ń dín kù, tí kílọ́ọ̀ṣì á wá máa yọ̀. Baba wọ abẹ́ ọkọ̀, ó dé ìdí wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà lọ́wọ́ òsì, ó tú nọ́ọ̀tì kékeré elétí méjì ní ààbọ̀ ààbọ̀ ìyípo, ó ń wọn pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kìlọ̀ pé bí àyè bá pọ̀ jù, gíà á máa ha. Ọkọ̀ náà gun òkè lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé gun igi kò rí i. Irú àwọn baba bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́. A bẹ̀ yín, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ìtàn wa náà ni.