Hakeem, Moses àti Shaq: Báwo La Ṣe Ń Wọn Ọ̀dọ́ Mọ́ Àgbà Lábẹ́ Apẹ̀rẹ̀?

Àwọn kan nínú yín tó ń ṣe tíṣà ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan lemọ́lemọ́. Wọ́n á ní, "Prof, ọmọ kan wà ní SS2 wa tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan àtẹ́rígbà. Ṣé Hakeem kejì kọ́ nìyí?" Àwọn mìíràn á ní kí n sọ èwo nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà báyìí ló máa ju Hakeem lọ. Ìbéèrè méjèèjì, ọ̀kan náà ni. Báwo la ṣe ń fi ọ̀dọ́ tí a ṣì ń retí wé àgbà tí a ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀?

Èmi kì í ṣe kóòṣì, ìtàn ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ìtàn ní ohun tó lè bá wa sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé Hakeem Ọlájuwọn fúnra rẹ̀ ti wà ní ìhà méjèèjì. Ó ti jẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n ń wọ̀n mọ́ àgbà, ó sì ti jẹ́ àgbà tí wọ́n ń wọn ọ̀dọ́ mọ́.

Ọjọ́ 21, oṣù kìíní, ọdún 1963 ni wọ́n bí i sí Èkó. Iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀, gólì ló máa ń ṣọ́. Ó tún ń gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́ ní Muslim Teachers College. Ó ti tó ọmọ ọdún 15 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ní 1980, ó kọjá sí Yunifásítì Houston ní ìpínlẹ̀ Texas. Kóòṣì Guy Lewis gbà á, ṣùgbọ́n odidi sáà kan ló fi jókòó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé náà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ká ní ẹnì kan mú Hakeem ní 1980, tó fi í wé ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ọdún 17, tó sì jẹ́ pé láti kékeré ni tọ̀hún ti ń gbá bọ́ọ̀lù náà, ọmọ Èkó ni ì bá fìdí rẹmi. Ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n ti lò nídìí iṣẹ́ ò dọ́gba. Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn ń ṣe nìyí: wọ́n ń ka ọdún ìbí, wọn ò ka ọdún iṣẹ́.

Ibi tó ti lo ọdún iṣẹ́ tirẹ̀ náà ló ṣe pàtàkì jù. Gbọ̀ngán ìṣeré kan wà ní Houston tí wọ́n ń pè ní Fonde Recreation Center. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí líìgì bá ti parí, àwọn ògbóǹtarìgì máa ń wá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Moses Malone wà lára wọn. Sẹ́ńtà ni Moses, ẹgbẹ́ Houston Rockets ló ń gbá fún, òun ni wọ́n sì yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní gbogbo NBA ní 1979 àti ní 1982. Kò ga tó Hakeem. Mítà 2.08 ni tirẹ̀, Hakeem sì jẹ́ 2.13. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá kọ̀ tí kò wọlé, tó ta padà lára apẹ̀rẹ̀, ọwọ́ Moses ló máa ń bọ́ sí. Á fò, á tún fò, títí yóò fi rí i gbà. Láti ẹ̀ẹ̀rùn dé ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọ Èkó yìí ló ń fi ara gbá pẹ̀lú ọkùnrin yẹn. Moses ò gbẹ̀fẹ́ fún un: á tì í, á fi ìdí gbá a kúrò lọ́nà, á sì já bọ́ọ̀lù gbà lókè orí rẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọmọ yìí máa gba ipò òun lọ́la. Hakeem sì ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé Moses kọ́ òun níṣẹ́.

Ní 1984, Rockets yan Hakeem ṣáájú gbogbo ọ̀dọ́ ọdún yẹn, títí kan Michael Jordan. Moses ti kúrò níbẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá níbẹ̀ ni Ralph Sampson, tí wọ́n yàn ṣáájú gbogbo èèyàn ní 1983, tó ga tó mítà 2.24, tó sì ń sáré bí ẹni kúkúrú. Bó bá jẹ́ pé ìrètí nìkan la fi ń wọ̀n, ta ni ì bá borí Sampson? Òun ló gba ẹ̀bùn ọ̀dọ́ tó dára jù lọ ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún ò jẹ́ kó pẹ́. Kí 1987 tó parí, Rockets ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn, iná ìrètí yẹn sì rọ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe pé ó yọ̀lẹ. Ara èèyàn ò kàn ṣeé kà sọ́wọ́ bí owó.

Kí orúnkún tó dé, Sampson àti Hakeem ṣe ohun ńlá kan. Ní 1986 wọ́n pàdé Los Angeles Lakers ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Kareem Abdul-Jabbar ni sẹ́ńtà Lakers. Ó ti di ọmọ ọdún 39, òun sì ni ẹni tó ti gba àmì wọlé jù lọ nínú ìtàn NBA títí dìgbà yẹn. Ọmọ ọdún 23 ni Hakeem. Lakers na Rockets nínú ìdíje àkọ́kọ́, Rockets wá nà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra. Gbogbo ayé ń pariwo pé àgbà ti parí, pé ìjọba ti kúrò ní Los Angeles, ó ti dé Houston.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Boston Celtics na Rockets nínú àṣekágbá ọdún yẹn, ọdún mẹ́jọ gbáko sì kọjá kí Rockets tó tún dé àṣekágbá. Kareem tí wọ́n ní ó ti parí sì gba ife ẹ̀yẹ ní 1987, ó tún gbà á ní 1988, kó tó fẹ̀yìn tì ní 1989 lọ́mọ ọdún 42. Ẹ ò rí i bí àwọn tó ń wọ̀n ṣe kánjú tó.

Ẹ jẹ́ ká wá wo 1995, ọdún tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jiyàn jù. Hakeem ti di àgbà, ọmọ ọdún 32. Ní 1994 ó ti gba ife ẹ̀yẹ, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù, ti olùdíbọ́ọ̀lù tó dára jù, àti ti ẹni tó ta yọ nínú àṣekágbá, gbogbo rẹ̀ ní sáà kan ṣoṣo. Orlando Magic ni wọ́n tún bá pàdé nínú àṣekágbá 1995, Shaquille O'Neal sì ni sẹ́ńtà wọn: ọmọ ọdún 23, mítà 2.16, tó wúwo ju kílò 130 lọ. Òun ló gba àmì jù lọ ní gbogbo NBA ní sáà yẹn.

Rockets na Magic ní 4 sí òdo. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé àgbà fi ọmọdé wọ́lẹ̀ ni. Ẹ wo ìwé ìṣirò. Hakeem gba àmì 32.8 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, Shaq gba 28. Ṣùgbọ́n Shaq mú bọ́ọ̀lù tó ta padà ju Hakeem lọ, 12.5 sí 11.5. Bí Shaq bá ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bí mẹ́fà ló ń wọlé. Ti Hakeem ò pé márùn-ún. Lórí ìwé, ọmọ yẹn ò kéré rárá.

Kí ló wá fa ìyàtọ̀? Ìdíje àkọ́kọ́ sọ púpọ̀. Magic ti fi àmì 20 ṣáájú nígbà kan. Rockets lé wọn bá, wọ́n sì wọ àfikún àsìkò. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ó parí, Clyde Drexler ti Houston gbé bọ́ọ̀lù wọ abẹ́ apẹ̀rẹ̀. Shaq jáde sí i láti dí i, bọ́ọ̀lù kọ̀, kò wọlé. Hakeem fi ìka tì í padà sínú apẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìṣẹ́jú-àáyá kan ò kù mọ́: 120 sí 118. Bọ́ọ̀lù tó kọ̀ tí èèyàn tún padà fò sí, ṣebí iṣẹ́ Moses nìyẹn? Ohun tí wọ́n fi ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ní Fonde, òun ló yọ lọ́dún bíi mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà náà. Ìṣísẹ̀ tí àwọn Amẹ́ríkà ń pè ní Dream Shake náà ń kọ́? Á ṣe bí ẹni máa yà sọ́tùn-ún, á gba òsì lọ. Ẹsẹ̀ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù ọwọ́ l'Ékòó ló fi ń ṣe é. Àwọn bàbá wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Shaq láṣọ lọ́dún yẹn. Àkísà ni kò tíì ní.

Ṣùgbọ́n ìtàn ò parí síbẹ̀ o. Ọmọ tí wọ́n nà yẹn gba ife ẹ̀yẹ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 2000, 2001, 2002 àti 2006. Méjì ni ti Hakeem. Ẹni tó bá wọ̀n wọ́n ní 1995 tó sì di ìwé rẹ̀ pa, ìdajì ìtàn ló kà. Ẹni tó bá sì fi ife mẹ́rin sọ pé Shaq ló jù, òun náà gbàgbé ohun tí ojú wa rí ní 1995.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú gbogbo èyí ni pé fífi ọ̀dọ́ wé àgbà kò ní ìtumọ̀ bí a ò bá béèrè ohun méjì: kí ni ọ̀dọ́ náà ń kọ́ lọ́wọ́ báyìí, àti lọ́wọ́ ta ni? Hakeem mọ èyí. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, Kobe Bryant lọ bá a ní Houston ní 2009, Dwight Howard lọ, LeBron James náà lọ ní 2011, kó lè kọ́ wọn ní ìṣísẹ̀ abẹ́ apẹ̀rẹ̀. Ó ṣí ọwọ́ rẹ̀ fún wọn bí Moses ṣe ṣí i fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin tíṣà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ má pe ọmọ yẹn ní Hakeem kejì. Orúkọ yẹn wúwo ju ọmọ ọdún 16 lọ. Bí ó bá kùnà nínú ìdíje méjì, àwọn tó fún un lórúkọ ló máa kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù nítorí pé wọ́n fẹ́ kó dà bí ọmọdé tó mọ̀ ọ́n gbá. Irọ́ yẹn á bá a dàgbà ni, àti pé Hakeem ò bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Bó bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa gbá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọ́ nǹkan. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ yọ ọ́ níwèé, kí wọ́n tún ta ilẹ̀ lórí ìlérí ajẹ́bíidán kan. Ilé ìwé ni Hakeem gbà dé ibi tó dé.

Ẹni tó bá mọ àwọn apẹja ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé wọn kì í fi gíga yan ọmọ tí wọ́n máa mú wọ ọkọ̀. Wọ́n ń wò ó bóyá ó ń gbọ́ràn, bóyá ó ń wo ibi tí àgbà ń wò. Gíga, Ọlọ́run ló fún ọmọ yín. Èyí tó kù wà lọ́wọ́ wa. Gbogbo ọkùnrin àti obìnrin tó ti gbá bọ́ọ̀lù yìí rí ní àdúgbò yín, tí wọ́n ti jókòó sílé báyìí, ẹ wá wọn lọ. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá máa bá ọmọ náà gbá lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n má sì gbẹ̀fẹ́ fún un. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ kọ̀wé sí mi, ká wá jọ wò ó.